Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tó? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń kọ Yorùbá

Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibìkan tàbí nǹkan. Ìdáhùn yẹn tó fún igi, ajá, Ìbàdàn àti Àlàbí. Kò tó fún dídìbò. Kò tó fún àtijẹ, kò tó fún àìtètèmólè, kò sì sọ nǹkan kan fún wa nípa "pé ó dìbò", tó lè ṣe olùwà gbólóhùn bí orúkọ èyíkéyìí. Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ oníròyìn, olùkọ́, atúmọ̀ èdè tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò, yóò máa pàdé irú ọ̀rọ̀ báyìí, yóò sì máa mú ọ̀kan nínú wọn láìmọ ìdí tó fi mú un.

Ìbéèrè tí mo rí i pé ó wúlò ni pé: báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń hùwà bí ọ̀rọ̀-orúkọ tó? Lọ́dún 1973, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Robert Ross, kó oríṣi ìhun kan jọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tò wọ́n láti orí èyí tó jẹ́ gbólóhùn gbáà dé orí èyí tó jẹ́ orúkọ pọ́ńbélé. Ó fi hàn pé kò sí ibi tí a ti lè fa ìlà kan ṣoṣo sí láàárín wọn. Bí a ti ń sún lọ sápá kan, ìwà gbólóhùn ń dín kù, ìwà orúkọ ń pọ̀ sí i. Àtẹ̀gùn ni, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó dúró sí lórí rẹ̀. Yorùbá ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, mo sì gbà pé tiwa rọrùn láti rí, torí pé ohùn orí ọ̀rọ̀ máa ń jẹ́rìí sí ohun tí ìwé kò kọ.

Ẹ mú bébà àti kálàmù. Ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, etí yín ni yóò ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tó dá dúró kò lè sọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ wo dúdú. Nínú "ajá dúdú", ó ń yán ajá. Nínú "aṣọ náà dúdú", iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣe. Nínú "dúdú ni mo rà, pupa kọ́", ó ti bọ́ sí ibi tí orúkọ ń dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó dán ohunkóhun wò, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀: lọ́jà, lórí rédíò, lẹ́nu àgbà. Ẹ má jókòó dá gbólóhùn fúnra yín ní ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí lè ṣèèṣì hun ẹ̀rí.

Òwe dára fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹnu ló ti sọ ọ́ kọjá, ohun tí kò bá èdè mu ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. "Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò" ń sọ fún wa pé kékeré lè dúró níwájú ni. "Ìlọ́ yá, oníbodè Atàdí" ń sọ pé ìlọ lè ṣe olùwà. Ẹ tún tẹ́tí sí ohùn tó wà lórí ìlọ nínú òwe kejì yẹn. Tí a bá dá a pè, ohùn àárín ló fi ń parí. Nínú òwe, ó gòkè. Ohùn òkè yẹn ló máa ń wọ ìparí orúkọ tó bá ṣe olùwà: ọmọ́ lọ, ẹyẹ́ fò, ìlọ́ yá. A kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu wa, ó wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìdánwò ìta

Ìta ni mo ń pe gbogbo ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká: ohun tó lè ṣíwájú rẹ̀, ohun tó lè tẹ̀ lé e, àyè tí gbólóhùn gbà á sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ ń yẹ̀ wò sí àwọn àyè wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sàmì sí èyí tó gbà á:

– olùwà: "… dára"
– àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: "mo fẹ́ràn …"
– lẹ́yìn sí: "mo fọwọ́ sí …"
– pẹ̀lú ẹni tó ni ín: "… mi", "… Adé"
– pẹ̀lú yìí, náà àti kan
– níwájú ni àti kọ́
– lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti: "… àti owó"
– pẹ̀lú àwọn tàbí òǹkà: "àwọn …", "… méjì"

Igi yege nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe lọ kùnà nínú gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi tipátipá gbé ọ̀rọ̀-ìṣe síwájú ni, èdè yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ dorúkọ: "rírà ni mo ra ilé yìí, mi ò jogún rẹ̀." Kò sí ẹni tó ń sọ pé "rà ni mo ra ilé yìí." Bákan náà ni pẹ̀lú àti. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, sì ni ó ń so wọ́n: ó jẹ, ó sì mu. Kí àti tó lè so wọ́n, ẹ ní láti wí pé jíjẹ àti mímu.

Ẹ má ṣe dá ẹjọ́ lórí ìdánwò kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohunkóhun tó bá lè ṣíwájú ni, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ẹ wá gbọ́ "kíákíá ni ó jáde". Yorùbá tó dán mọ́rán ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kíákíá lọ sí àyè yòókù: kíákíá mi, àwọn kíákíá, mo fọwọ́ sí kíákíá. Kò wọlé níbì kankan. Àyè iwájú ni gbòòrò, ó ń gba orúkọ, ó ń gba irú kíákíá, ó tún ń gba odindi awẹ́-gbólóhùn. Àyè àwọn àti òǹkà ló há jù. Nínú gbogbo ohun tó wà lókè yẹn, àwọn méjì yìí ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá díjú, àyè iwájú ni ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwọ̀n mi, torí pé ó rọrùn láti wọ̀.

Àwọn ẹ̀yán, ọ̀rọ̀ tó ń yán orúkọ bí dúdú ti ń yán ajá, náà kò dọ́gba. Kékeré máa ń dá dúró dáadáa: "fún mi ní kékeré yẹn", "kékeré kọ́ ni mo sọ". Tuntun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ńlá ń lọ́ra díẹ̀. Létí mi, a máa ń fẹ́ kí èyí ràn án lọ́wọ́: "fún mi ní èyí ńlá yẹn". Bàǹtà-banta inú "ẹrù bàǹtà-banta" kò tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ rárá. Bí ẹnìkan ní ìlú yín bá ní ńlá lè dá dúró ju bí mo ti sọ lọ, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ka èdè ń yàtọ̀ lórí irú nǹkan báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan, kí ẹ gùn ún láti ìsàlẹ̀ dókè

Ọ̀nà tó dára jù láti rí àtẹ̀gùn yìí ni kí ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ̀ lé e gba gbogbo ìrísí tó ní. Mo yan dìbò. Kí ó tó di ọ̀rọ̀ òṣèlú, ìbò ti wà lọ́wọ́ babaláwo: ẹni tó wá dá Ifá á mú ìbò sínú àtẹ́lẹwọ́, Ifá á sì yan èyí tí yóò yàn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu àwọn tó ń tò lórí ìlà láti yan gómìnà.

Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ báyìí: ìbò, òǹdìbò, ìdìbò, dídìbò, àìdìbò, àtidìbò, pé ó dìbò, dìbò.

Ẹ fi ìdánwò òǹkà bẹ̀rẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, kéde pé òǹdìbò 93,469,008 ló forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ọdún 2023, àti pé ìbò 8,794,726 ni Bọ́lá Tinúbú ní nínú ti ààrẹ. Ìdìbò méjì ńláńlá ló wáyé lọ́dún yẹn: ti ààrẹ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ lọ́jọ́ 25 oṣù Èrèlé, ti gómìnà lọ́jọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà. Ìbò gba òǹkà, òǹdìbò gbà á, ìdìbò gbà á. Ẹ wá gbìyànjú dídìbò méjì. Ètè yín á kọ̀ ọ́. Àwọn dídìbò? Ó kọ̀. Àìdìbò mẹ́ta? Ó kọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ti hàn: mẹ́ta wà lókè rẹ̀.

Ìdánwò ẹni tó ni ín: ìdìbò wa, dídìbò wa, àìdìbò àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo wọn gbà á. "Pé ó dìbò" kò lè gbà á, torí ó ti ní olùwà tirẹ̀ nínú, kò sí àyè fún ẹlòmíràn.

Ìdánwò sí ló dùn mọ́ mi jù níbí. Mo fọwọ́ sí ìdìbò náà. Mo fọwọ́ sí dídìbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ fi awẹ́-gbólóhùn pé sí ibẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ẹnu yín fi nǹkan kékeré kan ṣáájú rẹ̀: mo fọwọ́ sí i pé kí ó dìbò. Fáwẹ̀lì i yẹn, arọ́pò-orúkọ ni. Sí ń fẹ́ orúkọ gidi tàbí ohun tó dípò orúkọ. Pé kò tó orúkọ fún un, ni a ṣe wá arọ́pò tí yóò jókòó síbẹ̀, tí pé yóò wá tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, pé kò jìnnà sí orúkọ tó bí a ṣe lè rò. Àti ń so ó pọ̀: "mo gbọ́ pé ó wá àti pé ó dìbò." Ó lè ṣíwájú ni: "pé ó dìbò ni mo gbọ́." Ó lè ṣe olùwà: "pé ó dìbò dùn mọ́ mi nínú." Nǹkan bí ìdajì àyè ló gbà á, ìdajì kọ̀ ọ́.

Àtidìbò wà láàárín dídìbò àti pé ó dìbò. Ó ń ṣe olùwà, "àtidìbò kò rọrùn fún arúgbó", ó sì lè ní oní-nǹkan, ṣùgbọ́n ó kọ àwọn, ó kọ méjì, ó kọ kan. Àwọn onímọ̀ gírámà tún tú láti sí ní tó pàdé àti: ní ń di l níwájú fáwẹ̀lì tí kì í ṣe i, bí ó ti rí nínú lọ́jà àti lójú. Nígbà tí a bá ní "mo wá láti dìbò", ìyẹn ni pé orúkọ kan sá pamọ́ sínú láti yẹn, a kàn ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni. Àtijẹ àtimu ló ṣì ń rán wa létí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìdánwò inú

Ìdánwò ìta nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ wo inú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ béèrè ohun tó ṣì dì mú nínú ìwà ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wá: àbọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi tètè àti kọ́kọ́, ìyísódì, àti àsìkò.

Àbọ̀ ló lẹ́rọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó bá ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yí sí ohùn àárín tí orúkọ bá ṣe àbọ̀ rẹ̀. Mo sè é, ṣùgbọ́n mo se ọbẹ̀. Mo kà á, ṣùgbọ́n mo ka ìwé. Orúkọ tó parí sí ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ni ín: ọbẹ̀ Adé, ọbẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ wá gbọ́ síse ọbẹ̀, kíka ìwé, ríra ilé. Ohùn ti yí sí àárín! Ọbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ni síse. Àbọ̀ ni, bí ìgbà tí kò sí ìsọdorúkọ kankan. Síse ṣì ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀.

Ẹ wá fi arọ́pò-orúkọ dípò ìwé. Láti kà á, a sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà? Kíkà rẹ̀ ni à ń sọ: "kíkà rẹ̀ kò le." Rẹ̀ yìí ni ti oní-nǹkan, ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà nínú ilé rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, tí odindi orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó hùwà bí ìṣe. Tí arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó hùwà bí orúkọ. Ẹni tó bá ní kí a fa ìlà kan ṣoṣo sí àárín orúkọ àti ìṣe, kí ó wá sọ ibi tí ìlà náà yóò gbà nínú kíkà.

Ẹ tún fi ìwé síwájú: ìwé kíkà, orin kíkọ, iyán gígún, ìbò dídì. Níbí, ohùn ìsàlẹ̀ ti padà sórí kíkà, àbọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di orí àpólà, kíkà sì ti di ẹ̀yán rẹ̀. Èyí sún mọ́ orúkọ ju kíka ìwé lọ.

Ní ti tètè, òwe kan tó wa: "Àìtètèmólè, olè ń mólóko." Ẹ tú àìtètèmólè wò: àì, tètè, mú, olè. Odindi àpólà-ìṣe wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀ àti tètè rẹ̀, ó sì tún gbé ìyísódì. Dídìbò náà lè gba tètè, a ó wí pé títètè dìbò. Ṣùgbọ́n ìtètèdìbò, mi ò tíì gbọ́ ọ.

Ní ti ìyísódì, dídìbò kò lè gba kò. Kí a tó lè yí i sódì, a ní láti pààrọ̀ ìrísí sí àìdìbò. Àì yìí fúnra rẹ̀ ṣì gba tíì, "àìtíì dé rẹ̀ ń kọ mí lóminú", ìyẹn ni pé ó dì mọ́ ìwà ìṣe ju dídìbò lọ ní apá yìí. Àsìkò sì rèé, pé nìkan ló gbà á láìsí ìjà: pé ó ti dìbò, pé yóò dìbò, pé kò ní dìbò. Ẹ kò lè fi yóò sínú dídìbò.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń pín sí méjì tún ń la ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Ba … jẹ́ ń gba àbọ̀ sáàárín. Gbogbo ohun tó bá wù yín ni ẹ lè fi síbẹ̀ nínú ìrísí àpètúnpè, irú èyí tó wà nínú dídìbò: bíba nǹkan jẹ́, bíba orúkọ Adé jẹ́, bíba ọ̀nà ìlú wa jẹ́. Ìrísí onì-ì, èyí tó fi ì bẹ̀rẹ̀ bí ìdìbò, ń fẹ́ ohun tó ti lẹ̀ pọ̀ tán. Ìbànújẹ́ wà, torí inú àti bà jẹ́ ti di ọ̀kan láti ìgbà pípẹ́. Ìbanilórúkọjẹ́ wà, torí "ni" tó wà nínú rẹ̀ kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Ẹ kò lè yọ "ni" yẹn kúrò kí ẹ fi Adé síbẹ̀. Orúkọ kò fẹ́ kí a máa tú inú òun wò lójoojúmọ́. Ìṣe gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí inú àti ìta kò bá fohùn ṣọ̀kan

Ẹ ó retí pé bí inú bá ti jọ gbólóhùn tó ni ìta yóò jìnnà sí orúkọ tó. Ó sábà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà gbogbo, ibi tí kò bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ dúró sí pẹ́.

Ẹ wo kòṣeémáàní. Kò, ṣeé, máà, ní: ìyísódì méjì ló wà nínú rẹ̀. Tí a bá fi ìdánwò inú nìkan wọ̀n ọ́n, gbólóhùn ni. Ẹ gbé e jáde: àwọn kòṣeémáàní, kòṣeémáàní mẹ́ta, kòṣeémáàní mi. Orúkọ ni, kò kù síbì kan. Àìgbọdọ̀máṣe náà ń bẹ níbẹ̀, pẹ̀lú gbọ́dọ̀ àti má nínú rẹ̀.

Orúkọ ènìyàn lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olúwaṣeun jẹ́ gbólóhùn, olùwà àti ìṣe àti àbọ̀. Orúkọ àbíkú tilẹ̀ ń pàṣẹ, ó ń bẹ̀bẹ̀: Málọmọ́, Dúrójayé. Kòsọ́kọ́ ń ròyìn pé ọkọ́ tí a fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ti tán. Bí ẹ bá pe Málọmọ́ lórúkọ, ẹ kò pàṣẹ fún un mọ́ nígbà yẹn. Ẹ kàn ń pè é kó wá jẹun ni. Inú rẹ̀ ti dì, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ kan kún un tàbí yọ ọ̀kan kúrò.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa ya inú sọ́tọ̀ kúrò lára ìta lórí bébà. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ fi ń di orúkọ. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ń tú dànù díẹ̀díẹ̀, bí ó ti rí láti dídìbò dé ìdìbò. Ó sì lè jẹ́ pé inú rẹ̀ kò tú rárá, ó kàn dì, kò ṣeé ṣí mọ́.

Àìsàn jẹ́ àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tó ti rìn lójú ọ̀nà yìí. Ọmọ ìyá ni òun àti àìdìbò, àì kan náà ló wà lórí àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àìsàn ti gòkè: àwọn àìsàn, àìsàn méjì, àìsàn burúkú kan. Àìní náà ti gòkè, a ń sọ pé "àwọn àìní wa". Ìgbálẹ̀ ti di ohun tí a ń fọwọ́ mú, ìdérí náà bẹ́ẹ̀. Ìjókòó wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: "ìjókòó mẹ́ta ló kù nínú ọkọ̀" ni ìjókòó tó ṣeé kà, "ìjókòó pípẹ́ ń mú kí ẹ̀yìn dùn mí" kò ṣeé kà. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kí ẹ fi dájọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dán wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wo àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀

Kì í ṣe ìṣe nìkan ló ń gòkè di orúkọ. Orúkọ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Orí tó ń fọ́ mi, orúkọ gidi ni: orí mi, orí méjì, àwọn orí. Orí inú "orí tábìlì dọ̀tí" ṣì ń ṣe olùwà, ṣùgbọ́n òǹkà ti ń sú u. Orí inú "a sọ̀rọ̀ lórí ètò náà" kò gba nǹkan kan mọ́. Ẹ kò lè fi àwọn síwájú rẹ̀, ẹ kò lè fi yìí tẹ̀ lé e kí ètò tó dé. Inú tó wà nínú "nínú", ẹ̀yìn tó wà nínú "lẹ́yìn", abẹ́ tó wà nínú "lábẹ́", gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà kan náà.

Àwọn tó wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi mo fẹ́ ọ wé mo fẹ́ràn rẹ. Ọ ni arọ́pò àbọ̀. Rẹ ni ti oní-nǹkan. Kí ló dé tí fẹ́ràn kò gba ọ? Nítorí pé fẹ́ àti ọ̀ràn ló wà nínú rẹ̀, ọ̀ràn sì jẹ́ orúkọ, orúkọ kì í sì í ní àbọ̀, oní-nǹkan ló máa ń ní. Kò sí ẹni tó ń ronú nípa ọ̀ràn kankan nígbà tó bá ń sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀ràn ti pàdánù àwọn, ti pàdánù yìí, ti pàdánù àyè olùwà. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú ìwà orúkọ rẹ̀ ni rẹ yẹn. Ẹ ó rí i bákan náà nínú tọ́jú rẹ, dárúkọ rẹ, àti jogún rẹ̀ tí mo lò níṣàájú. Mi ò mọ ẹ̀rí tó lágbára ju èyí lọ pé jíjẹ́ orúkọ jẹ́ ohun tó ní ìwọ̀n, tó lè ku bíńtín kí ó sì ṣì máa ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ lò ó nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé

Tí ẹ bá ń ka ìṣẹ̀lẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ pè é ní àwọn, ìrísí onì-ì ni kí ẹ mú: ìdìbò mẹ́ta, àwọn ìpàdé, ìgbéyàwó méjì lọ́jọ́ kan. "Àwọn pípàdé tí a ṣe" ń dun etí.

Tí ẹ bá fẹ́ kí a rí iṣẹ́ náà bí ó ti ń lọ, tó sì ní àbọ̀ tó yàtọ̀ sí ti àṣà, àpètúnpè ló yẹ: kíkọ́ afárá Ọ̀jọ̀ọ́, ṣíṣàyẹ̀wò ìlera àwọn ọmọ. Ó tún ń gbà yín lọ́wọ́ iyèméjì. "Ìdìbò Adé" lè jẹ́ ìdìbò tí wọ́n fi yan Adé, ó sì lè jẹ́ èyí tí Adé lọ dì. "Dídìbò fún Adé" àti "dídìbò tí Adé dìbò" kò fi ara jọ rárá. Òfin àti ìwé àdéhùn ni ibi tí mo ti máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi èyí sọ́kàn, torí iyèméjì níbẹ̀ lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Tí àsìkò bá ṣe pàtàkì, tàbí ẹ ní láti sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀ rí tàbí kò ní ṣẹlẹ̀, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ lọ sórí pé tàbí bí … ṣe: "ó yà mí lẹ́nu pé wọn kò tíì san owó náà." Ẹ lè kọ àìtíì san owó náà, àwọn kan á yìn yín, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì yóò padà kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún kíkó orúkọ jọ lórí ara wọn, àìsàn kan tó ń ba ìròyìn àti ìwé ìjọba jẹ́ báyìí. Mo máa ń rí irú gbólóhùn bí èyí: "Ìṣe àtúnṣe ti àwọn ọ̀nà ti ìlú wa jẹ́ ìpinnu ti ìjọba." Orúkọ mẹ́fà, "ti" mẹ́ta, kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wá ìṣe tó sá pamọ́ sínú orúkọ: tún ṣe wà nínú ìṣe àtúnṣe, pinnu wà nínú ìpinnu. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe é, ẹ fi í ṣe olùwà. Ó di: "Ìjọba ti pinnu láti tún ọ̀nà ìlú wa ṣe." Tí ìpinnu náà bá wá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ẹ fẹ́ kà fún òǹkàwé, nígbà yẹn ni kí ẹ dá a padà sí orúkọ, torí òǹkà ti dé, òǹkà sì ń fẹ́ orúkọ.